Àkókò fínfín kòkó ń bọ̀: kí la lè ṣe kí oògùn, àdá àti ejò má máa ṣe àwọn àgbẹ̀ abúlé wa léṣe?

ỌmọOníkòkó_Ifẹ̀ kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó ní abúlé kan lápá Ifẹ̀. Ìpàdé wa kò ní pẹ́ wáyé, kí òjò tó máa rọ̀ léraléra. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìgbà òjò yẹn ni èso kòkó máa ń dúdú lórí igi, tí oníkálukú á gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn. Lọ́dọọdún, owó kòkó àti ti ajílẹ̀ la máa ń sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera wa la máa kọ́kọ́ gbé kalẹ̀.

Ọ̀ràn ọmọkùnrin alágbàṣe kan tó bá wa fín oko lọ́dún tó kọjá ló mú mi pinnu bẹ́ẹ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé ló wọ̀. Pọ́ǹpù ń jò sí i lẹ́yìn, ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí imú pọ́ǹpù dí, ó tú u, ó gbé e sẹ́nu, ó fẹ́ ẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, òógùn bò ó, inú ń run ún, ẹran ara rẹ̀ ń fò. Wọ́n wá epo pupa fún un mu. Orí ló yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn sọ pé kí wọ́n máa wọ aṣọ ààbò. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, inú ooru yìí náà la sì ń gbé. Kí ni ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, tí oko rẹ̀ jìnnà sí títì, lè ṣe tí yóò wúlò?

Nọ́ọ̀sìAbúlé kọ:

Ẹ kú akitiyan, akọ̀wé. Ìbùdó ìlera alábọ́dé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, irú ọmọkùnrin yẹn sì máa ń dé ọ̀dọ̀ wa, púpọ̀ nínú wọn nígbà tó ti pẹ́ jù.

Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn jọ ti àwọn oògùn apakòkòrò tó ń da iṣan ara láàmú. Bí ẹ bá rí i tí itọ́, omi ojú àti òógùn ń dà papọ̀, tí ọmọ ojú sún kì bí orí abẹ́rẹ́, tí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tẹ̀ lé e, tí èémí wá ń le, ẹ má dúró wo ojú ara yín. Abẹ́rẹ́ atropine ló ń bá a jà, ilé ìwòsàn sì ni wọ́n ti ń fún un. Kí ẹ tó gbéra, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ mọ̀ bóyá ó wà lọ́wọ́ wọn. Mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé lórí ọ̀kadà láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, tí ọ̀nà sì gba àkókò tó yẹ kí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo pupa yìí dùn mí. Epo kì í pa oró oògùn. Ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò máa ń yòrò nínú epo ju inú omi lọ, nítorí náà ó lè jẹ́ kó tètè wọnú ara. Ẹni tí orí rẹ̀ ti ń yí, bí ẹ bá da epo tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Mílíìkì alágolo tí àwọn kan máa ń mu lẹ́yìn fínfín náà kò fọ nǹkan kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ wà nílé: ọṣẹ àti omi púpọ̀. Ẹ bọ́ gbogbo aṣọ ọrùn rẹ̀, títí dé pátá. Ẹ fọ irun orí, abíyá, abẹ́ èékánná àti abẹ́ ara rẹ̀ dáadáa, nítorí awọ abẹ́ ara máa ń fa oògùn mu ju awọ ọwọ́ lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ fi ọ̀rá wé ọwọ́. Bí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má dà á dé ẹ̀yìn. Ẹ má fi ipá mú un bì. Kí ẹ sì mú ìgò oògùn náà dání, tàbí kí ẹ ya fọ́tò ara rẹ̀, nítorí bí dókítà kò bá mọ ohun tó jẹ́, inú òkùnkùn ló ti ń tọ́jú rẹ̀.

Àgbẹ̀Ìdànrè kọ:

Akọ̀wé, Ọlọ́run á fún ẹ ṣe. Ọmọ oníkòkó ni mí, kòkó ni mo sì fi tọ́ àwọn ọmọ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí a ń ṣe lọ́dọ̀ wa tí kò ná wa ní owó ńlá.

Àkọ́kọ́, àsìkò. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó kí a rí orí igi, a ti wà lóko. Ara á lè gba aṣọ alápá gígùn nígbà yẹn. Bí oòrùn bá ti mú, kò sí ẹni tí kò ní bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ẹ má tan ara yín. Nítorí náà a máa ń dáwọ́ dúró kó tó di agogo mẹ́wàá. Èyí tó kù, di ọjọ́ kejì. Àwọn alágbàṣe kò kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, nítorí iye táńkì tí wọ́n bá fín ni wọ́n fi ń gba owó. A yí i padà, a ń san owó òwúrọ̀ fún wọn. Bí ẹ kò bá tún owó yẹn ṣe, ìmọ̀ràn yòókù kò ní dúró.

Èkejì, fínfín kòkó yàtọ̀ sí fínfín ẹ̀wà. Ẹni tó ń fín ẹ̀wà, ilẹ̀ ló ń fín. Oníkòkó, òkè ló ń gbé ọwọ́ sí, oògùn á sì máa sàn lórí ọ̀pá pọ́ǹpù bọ̀ wá sí ìgúnpá àti abíyá. Bí o bá wọ ìbọ̀wọ́, ká etí rẹ̀ sókè kó dà bí àwo kékeré tó máa gba ohun tó ń sàn. Ní ti bàtà òjò, ẹnu ṣòkòtò gbọ́dọ̀ bò ó síta. Bí o bá ki ṣòkòtò bọ inú bàtà, inú bàtà ni oògùn á rọ́ sí, wàá sì gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Akẹtẹ̀ ńkọ́? Akẹtẹ̀ dára ju fìlà lọ fún ojú àti ọrùn, kìkì pé kí ẹ fọ̀ ọ́.

Ẹ̀kẹta, pọ́ǹpù tó ń jò. Wọ́ṣà ni ó máa ń jẹ, wọ́ṣà kò sì wọ́n. Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ rọ sí i kí ẹ tó gbé oògùn sínú rẹ̀, ẹ fọ́n ọn díẹ̀, ẹ fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ tún un ṣe. Kí ẹ sì tún so ọ̀rá ńlá mọ́ ẹ̀yìn. Imú pọ́ǹpù tó dí, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi la fi ń fọ̀ ọ́. A ti so ọ̀kan mọ́ ara pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò rí i. Ẹ má lo wáyà, á fẹ ihò rẹ̀ lójú, oògùn á sì máa ṣòfò.

Mọ́gàjí_Òkèlẹ́rìn kọ:

Mo ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bàbá wa àgbà fín Gàmálìn láìwọ nǹkan kan, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń po ó, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Ìran ti ìsinsìnyí ni ara wọn kò gba nǹkan mọ́. Owó tí ẹ fẹ́ fi ra bàtà àti ìbọ̀wọ́ yìí, ẹ fi ra ajílẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò rí owó kòkó rẹ̀ gbà, kí ló fẹ́ fi ìlera ṣe?

Olùkọ́Ìlera_Ìbàdàn kọ:

Mọ́gàjí, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ owó tí ẹ mú wá yẹn, òótọ́ ni, mo sì máa padà sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbó tó tọ́ nìkan lẹ ń rántí. Àwọn tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí gìrì ń mú lẹ́yìn fínfín, tí wọ́n kú ní àádọ́ta ọdún, wọ́n ní àwọn ará ilé ló ta wọ́n lọ́fà ni. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn oko ni. Gàmálìn tí ẹ dárúkọ yẹn, lindane ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ nínú ọ̀rá ara àti nínú ilẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí Àdéhùn Stockholm fi í sára àwọn oògùn tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Wọn kì í ṣe irú ìyẹn fún oògùn tí kò ṣe èèyàn ní nǹkan.

Ní ti owó: láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008 ni òfin Ilẹ̀ Yúróòpù ti ń díwọ̀n èérún oògùn tó gbọ́dọ̀ kù nínú kòkó. Kòkó tí oògùn tí kò yẹ wà nínú rẹ̀, wọ́n lè dá a padà ní èbúté. Ohun tó ń pa àgbẹ̀ náà ló ń ba ọjà rẹ̀ jẹ́.

Akọ̀wé béèrè ohun tó lè wúlò. Mo fẹ́ sọ nípa ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní Vietnam, ní agbègbè Cần Thơ lẹ́bàá odò Mekong, ní àwọn ọdún 1990. WIND ni wọ́n ń pè é, ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, sì ti gbé e dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láti ìgbà náà. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé wọn kò kó àwọn olùkọ́ wá láti ìlú ńlá kí wọ́n wá máa bá àgbẹ̀ wí. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, ọkọ àti ìyàwó papọ̀, ló ń rìn wo oko àti ilé ara wọn, pẹ̀lú ìwé kan tó kún fún àwòrán. Ohun dáadáa tí ẹnìkan ti ṣe lábúlé náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá: ẹni tó kan kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ fún oògùn, ẹni tó tẹ́ pákó sórí kòtò kí ẹlẹ́rù má ṣubú, ẹni tó fi táyà sí abẹ́ ohun tó ń fà. Lẹ́yìn náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan á mú ohun kan tàbí méjì tó lè ṣe láàárín oṣù mélòó kan, pẹ̀lú ohun èlò tó wà ní àrọ́wọ́tó.

Ẹ wo ohun tí Bàbá Ìdànrè kọ lókè. Búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n so mọ́ pọ́ǹpù, owó òwúrọ̀ dípò owó táńkì. Ìyẹn gan-an ni. Akọ̀wé, bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, n kò ní pe olùbánisọ̀rọ̀ kankan wá sí ìpàdé yẹn. Màá ní kí gbogbo wa rìn lọ sí oko méjì tàbí mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí a tó jókòó.

OníOògùnOko_Oǹdó kọ:

Oògùn oko ni mò ń tà, mo sì mọ̀ pé àwa la máa kọ́kọ́ gba ẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ lè fi yẹ̀ wá wò.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ làbẹ́lì, ẹ máa rí ìlà aláwọ̀ kan. Pupa ló léwu jù. Yẹ́lò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ló rọrùn jù nínú wọn, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé ẹ lè fi fọ ọwọ́. Ẹni tí kò lè kàwé lè mọ àwọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Oògùn tí wọ́n bù sínú ìgò ohun mímu, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kódà bó jẹ́ èmi. Ìgò yẹn ló ń pa ọmọdé.

Àwọn mìíràn kò yẹ kó wà lórí igbá mọ́ rárá. NAFDAC fòfin de paraquat, oògùn apakoríko, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2024, chlorpyrifos tó jẹ́ apakòkòrò láti oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, atrazine tó jẹ́ apakoríko láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń wá béèrè paraquat lọ́wọ́ mi, nítorí pé koríko tí ẹ fín láàárọ̀ á ti rọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tí ẹnìkan bá gbé mì, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹnu kan péré, lè pa á, kò sì sí oògùn tó ń yí i padà. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń mú, onítọ̀hún á sì mọ ohun tó ń ṣe é títí dé òpin.

Ní ti kòkó, ilé-iṣẹ́ ìwádìí CRIN tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ ní Ìbàdàn ló ń dán oògùn wò, tí wọ́n sì ń sọ èyí tó yẹ fún kòkó. Kí ẹgbẹ́ yín gba orúkọ àwọn oògùn náà lọ́wọ́ CRIN, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sára ògiri ibi ìpàdé. Kí ẹ sì rà á papọ̀ ní páálí, kí ẹ má rà á ní ìgò kọ̀ọ̀kan. Yóò dín owó kù, ẹ ó sì mọ ibi tó ti wá. Àwa tí a ń tà á bó ṣe yẹ náà á lè dúró.

Adéwálé_Kent kọ:

Ẹ kú ọ̀sán láti ìlú Ọba. Oko èso ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Ẹnikẹ́ni kò lè gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn níbí fún iṣẹ́ owó láìní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì dán an wò. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan nípa paraquat. Láti ọdún 2007 ni wọ́n ti dá a dúró ní Ilẹ̀ Yúróòpù, Bìrìtìkó wà nínú rẹ̀ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tó ń po ó ní Huddersfield, níhìn-ín gan-an, ṣì ń po ó fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ń kó o lọ sí òkè òkun. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí àgbẹ̀ tiwọn fọwọ́ kàn ni wọ́n ń tà fún àgbẹ̀ ẹlòmíràn. Inú ń bí mi sí i títí di òní. Bí ẹnikẹ́ni bá wí fún yín pé àìmọ̀kan àgbẹ̀ abúlé ló fa gbogbo rẹ̀, ẹ rántí èyí.

ỌmọSábẹ̀_Benin kọ:

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ wá láti apá ọ̀dọ̀ wa. Kì í ṣe kòkó la ń gbìn, òwú ni. Ní àsìkò òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ endosulfan pa ju ọgbọ̀n èèyàn lọ ní ẹkùn Borgou, ní àríwá Orílẹ̀-èdè Benin wa. Kì í ṣe àwọn tó ń fín nìkan ló kú. Ọmọdé wà níbẹ̀. Àwọn kan fi agolo òfìfo mu omi. Àwọn kan jẹ ohun tí wọ́n gbìn sí àárín òwú. Aṣọ tí oògùn ti dà sí, tí wọ́n fi kọ́ sínú yàrá, náà fa ìjàǹbá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ agolo òfìfo ni kí ẹ fi ọwọ́ líle mú. Nígbà tí oògùn inú rẹ̀ bá tán, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í, ẹ dà á padà sínú pọ́ǹpù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò sí òfò níbẹ̀, oògùn tí ẹ fowó rà ni. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ìṣó lu ú níbi púpọ̀, lójú ẹsẹ̀, lóko níbẹ̀, kó má lè gba omi mọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó bá délé láìní ihò, epo pupa tàbí omi mímu ló máa gbẹ̀yìn wọ inú rẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í ju kẹ́ẹ̀gì dáadáa nù. Ẹ má sì sun àwọn agolo náà, èéfín wọn léwu.

Àgbẹ̀Ìdànrè kọ:

Ọmọ Sábẹ̀, o ṣeun. Mo gba ti agolo yẹn.

Mo fẹ́ fèsì lórí paraquat. Àgbẹ̀ kì í rà á nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Alágbàṣe ló wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ti lọ sí Èkó, àwọn tó kù ń gun ọ̀kadà. Ẹni tó ní kí a fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀. Èyí tí mo rí ni pé kòkó tí a gbìn bó ṣe yẹ, tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò ṣíji bò ní kékeré, nígbà tí orí wọn bá ti pàdé ní ọdún kẹta sí ìkarùn-ún, koríko kì í rí oòrùn mọ́. Ojú ibi tí igi ti kú ni koríko ti ń hù. Ẹ tún un gbìn. Ìgbà yẹn ni àdá á tó fún ìyókù. Ní ti àwọn oko tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ pa owó pọ̀ ra ẹ̀rọ ìgékoríko tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, kí wọ́n máa yá ara wọn. Àwọn ará ọ̀dọ̀ wa kan ti ṣe é. Kí wọ́n má gbàgbé ohun ìbojú, nítorí òkúta máa ń ta.

ÌyáOnígàrí kọ:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Látìgbà tí ẹ ti ń sọ, pọ́ǹpù ọkùnrin lẹ ń sọ. Ta ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po oògùn? Ta ló ń fọ aṣọ tí wọ́n wọ̀ fín in? Ọwọ́ wa ni, tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Kí ọkùnrin fọ aṣọ fínfín rẹ̀ fúnra rẹ̀, lọ́tọ̀ sí aṣọ ilé. Bí kò bá lè fọ̀ ọ́, kó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ lẹ́yìnkùlé kó tó fi lé wa lọ́wọ́. Kó má gbé e wọ yàrá.

Èkejì ni ẹ̀rọ tí a fi ń rin gbáàgúdá. Ní ibi tí a ti ń ṣe gàrí, obìnrin kan pàdánù ìka mẹ́ta nínú rẹ̀. Gbáàgúdá kékeré ló kù lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ tì í wọlé. Ìgbà kan náà ni bẹ́líìtì ẹ̀rọ gbá ìborùn ẹlòmíràn mú, Ọlọ́run ló ní kó ya. Láti ìgbà náà, a ní kí wẹ́dà fi irin alásẹ́ bo bẹ́líìtì, ó sì gbẹ́ pákó tó tó igbọ̀nwọ́ kan tí a fi ń ti gbáàgúdá. A so pákó náà mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú okùn, kí ọmọdé má gbé e lọ dáná. Kò sí ẹni tó ń wọ ìborùn tó gùn sún mọ́ ibẹ̀ mọ́, a ń di í mọ́rí ni.

Èéfín ìdí agbada náà ńkọ́? Ojú wa ti fẹ́rẹ̀ fọ́ tán. A mọ ààrò tuntun ní amọ̀, a gbé ẹnu igi sí ìta ògiri, èéfín ń gba ìta lọ. Ẹni tó ń yan gàrí wà ní inú, ẹni tó ń ki igi wà lóde. Ìyẹn nìkan ti dín ikọ́ kù lára wa. Ẹ fi èyí síwájú ìpàdé náà, akọ̀wé, bí obìnrin bá wà nínú ẹgbẹ́ yín.

ỌmọAkọpẹ kọ:

Mo fẹ́ fi tiwa kún un. Bàbá mi já láti orí ọ̀pẹ nígbà tí igbà já. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni bí wọ́n ṣe gbé wọn: ọ̀kan di apá mú, ọ̀kan di ẹsẹ̀ mú, wọ́n gbé wọn sórí ọ̀kadà láàárín èèyàn méjì. Wọn kò rìn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ì bá fi gbé wọn?

Nọ́ọ̀sìAbúlé kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ Akọpẹ. Ọlọ́run á tu bàbá nínú. N kò lè sọ bóyá ìṣubú fúnra rẹ̀ ti ba eegun ẹ̀yìn jẹ́ kí wọ́n tó gbé wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó já láti òkè, orí ilẹ̀ ló yẹ kó wà, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ mú kó má yí, títí ẹ ó fi rí pákó tàbí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á yí i papọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sórí rẹ̀, ẹ ó wá fi ọ̀já dè é mọ́ pákó. Ọkọ̀ akẹ́rù lẹ máa wá, kì í ṣe ọ̀kadà. Kí ẹ tó lo igbà, ẹ yẹ gbogbo gígùn rẹ̀ wò láràárọ̀, pàápàá ibi tí wọ́n ti so ó. Èyí tí òjò ti pa, tí ó sì ti gbẹ léraléra, ẹ dáná sun ún.

Ọgbẹ́ àdá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní ipá, àwọn obìnrin máa ń gbà á nígbà oyún. Ọkùnrin ńkọ́? Púpọ̀ nínú wọn kò gba ọ̀kan rí láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ àwọn ni àdá ń bù jù. Kí ẹgbẹ́ yín kọ̀wé sí ìbùdó ìlera. Ọgbẹ́ tó jìn tí ilẹ̀ wọ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, iyẹ̀ tábà tàbí epo bẹntiróòlù sí i.

Ẹ má tún fi àdá fọ́ kòkó mọ́, kùmọ̀ tó. Ó ń gba ọwọ́ là, kì í sì í la hóró kòkó.

Ejò. Ọká àti paramọ́lẹ̀ máa ń sápamọ́ sábẹ́ ewé kòkó gbígbẹ, wọn kì í sá bí ẹ bá ń bọ̀. Bàtà òjò tó gùn kọjá kókósẹ̀ ń dín ewu kù, nítorí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń bù jù. Ẹ fi igi tú òkìtì kòkó kí ẹ tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ó bá bu ẹnìkan, ẹ jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti ohun tó há mọ́ ọn lára, ẹ de ẹsẹ̀ náà mọ́ igi kó má mì, ẹ gbé e lọ. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́, ẹ má fi ẹnu fà á, ẹ má fi okùn dè é pinpin, okùn yẹn ti jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gé. Sèbé tó tu oró sójú, omi púpọ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ tún da òmíràn sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ baba oníṣègùn. N kò bá wọn jà. Kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí ọkọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí wákàtí tó bá lọ kò ní padà.

Mọ́gàjí_Òkèlẹ́rìn kọ:

Nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn wọ̀ mí létí. Ìyàwó mi ti gbà á, èmi kò gbà á rí. Àdá sì ti bù mí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ṣé ẹni tó ti dàgbà bíi tèmi ṣì lè gbà á?

Nọ́ọ̀sìAbúlé kọ:

Ẹ lè gbà á, bàbá. Kò sí ọjọ́ orí tó pọ̀ jù fún un. Ẹni tí kò gba ọ̀kan rí, mẹ́ta ló máa gbà kó tó pé: èkejì lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ ó máa gba ọ̀kan láti fi rán ara létí. Bí ọgbẹ́ tó dọ̀tí bá wá, kí ẹ tún wá rí wa láìdúró de ọdún mẹ́wàá.

ỌmọOníkòkó_Ifẹ̀ kọ:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá ìyá wa Onígàrí. Obìnrin wà nínú ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n wọn kì í fún wọn láyè sọ̀rọ̀. Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. A máa rin oko mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, ìyàwó pẹ̀lú ọkọ. Owó òwúrọ̀ fún àwọn alágbàṣe la máa kọ́kọ́ jíròrò, lẹ́yìn náà ríra oògùn papọ̀ àti ibi tí a máa tì í mọ́. Mo ti kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn jẹ́nẹ́rà tó sún mọ́ wa àti ti onímọ́tò kan tó gbà láti gbé aláìsàn lóru, a máa lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹnu ọ̀nà ibi tí a ń kó kòkó sí.

Ohun méjì ni mo ṣì fẹ́ mọ̀. Lẹ́yìn tí a bá fín oko, ìgbà wo ni èèyàn lè padà wọ̀ ọ́ láti já èso tàbí ṣa igi? Ẹ̀kejì, Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ lè wá gún ọ̀pọ̀ èèyàn lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan?

OníOògùnOko_Oǹdó kọ:

Ti ìpadàwọ oko wà lára làbẹ́lì, ó yàtọ̀ láti oògùn sí oògùn. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ó kéré tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kí ewé gbẹ pátápátá. Aboyún àti ọmọdé kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀ rárá lọ́sẹ̀ tí ẹ bá ń fín. Iye ọjọ́ láàárín fínfín àti ìkórè tún jẹ́ òmíràn, ìyẹn náà wà lára làbẹ́lì. Ẹ so aṣọ pupa mọ́ ẹnu ọ̀nà oko tí ẹ bá fín, kí ẹni tó ń wá ìgbín lálẹ́ lè mọ̀.

Nọ́ọ̀sìAbúlé kọ:

Ó ṣeé ṣe. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ìbùdó ìlera tó sún mọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ kọ iye èèyàn sínú rẹ̀, ọkùnrin mélòó, obìnrin mélòó, kí wọ́n lè gbé oògùn tó pọ̀ tó wá nínú àpótí oníyìnyín. Ẹ wá ibòji àti tábìlì kan sílẹ̀ fún wọn. Kí ẹni tó bá gbà á tọ́jú káàdì rẹ̀, nítorí wọ́n á máa béèrè rẹ̀ ní ìkejì àti ẹ̀kẹta.